Ọkọ̀ Tó Lọ Láìkún

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ìlú òyìnbó gan-an ni mo sá jáde nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí gbé. Mo fẹ́ lọ wá ata rà ni. Bọ́ọ̀sì gígùn kan dé, ó dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, mo wọlé, mo jókòó. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo ń retí kí àwọn èrò yòókù dé. Kàkà kí wọ́n dé, ilẹ̀kùn tì pa, ọkọ̀ gbéra.

Ẹni tó bá dàgbà sí Òṣogbo á mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ọkọ̀ èrò tó bá gbé ènìyàn kan ṣoṣo, tí kò dúró kí ó kún, tí awakọ̀ rẹ̀ kò sì kí ọ, wọ́n-ṣáǹsì ni, ọkọ̀ àwọn ọlọ́ṣà tó ń ṣe bí akérò. Láti kékeré ni bàbá mi ti kìlọ̀ fún wa pé tí ọkọ̀ bá ṣófo tó sì ń kánjú, kí a jẹ́ kó máa lọ. Mo dìde, mo ń gbá ilẹ̀kùn, mo ń pariwo, "Ó wà o! Ó wà o!" bí ẹni pé ìyẹn ni wọ́n ń sọ lédè Jámánì. Awakọ̀ wò mí nínú dígí, ó nawọ́ sí bọ́tìnnì pupa kan lára irin. Mi ò tíì mọ̀ pé bọ́tìnnì yẹn ni èrò máa ń tẹ̀ bó bá fẹ́ sọ̀. Nígbà tó dúró ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bẹ́ sílẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé nínú òtútù láìrí ata rà.

Mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi lórí fóònù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ohùn wọn yí padà.

"Ọkọ̀ yẹn, ta ló ń ra epo sí i tí kò bá gbé èrò?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Bá mi wádìí ẹ̀," wọ́n ní. Ó ti pẹ́ gan-an báyìí, mo ṣì ń wádìí rẹ̀.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ilé wa, Òṣogbo sí Iléṣà sì ni wọ́n ń ná láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí èrò bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á kọjá sí Òṣú, tàbí Ìpetu níbi tí wọ́n ti fẹ́ ìyá mi. Àjọkẹ́ ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀sì wọn, bí ẹni ń ké sí ìyàwó. Ìyá mi á dáhùn láti inú ilé pé, "Èwo nínú wa lẹ ń pè?"

Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, lọ́wọ́ fèrèsé, ni tèmi. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ibẹ̀ ni mo ti máa ń sùn bí a bá ń bọ̀ láti Iléṣà. Ọjọ́ tí èrò bá pọ̀, bàbá mi á ní kí n dìde fún àgbàlagbà, ẹni tí mo dìde fún á sì gbé mi lé itan. Mi ò mọ iye ìyá tó ti gbé mi lé itan lójú ọ̀nà yẹn. Nígbà tí mo dàgbà tó, bàbá mi kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Àwọn ará gáréèjì ń bi wọ́n pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi í ṣe. Bàbá mi ní kí wọ́n máa wò ó.

Ohun tí mo fi í ṣe nìyí. Mo ń wa bọ́ọ̀sì èrò ní ìlú kékeré kan ní Jámánì. Bí mo ṣe débẹ̀ gùn, ìwé àti ìdánwò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì dùn ún gbọ́.

Ohun tó ṣòro fún mi jù kì í ṣe èdè, kì í ṣe yìnyín. Òfin ni. Ọkùnrin tó kọ́ wa fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní nígbà kan, òfin ọkọ̀ èrò ní agbègbè náà kò mọ̀ ju ẹni tó láṣẹ láti gbé èrò lọ, àti ohun tó lè gbà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fi kún un pé abúlé kankan kò gbọdọ̀ wà tí ọkọ̀ kò ní dé, kí arúgbó àti akẹ́kọ̀ọ́ lè jáde láìní mọ́tò. Ní báyìí, èéfín ni òfin dojú kọ. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà gbọ́dọ̀ máa lo iná mànàmáná, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn fi mọ́tò wọn sílẹ̀ nílé. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí, mo sì yege.

Síbẹ̀ kò yé mi. Wọ́n fún mi ní ọ̀nà abúlé kan, òkè lójú ọ̀nà, oko lọ́tùn-ún lósì. Mo máa ń gbé bọ́ọ̀sì tó lè kó gbogbo àdúgbò wa lọ síbẹ̀ ní òfìfo, kí n sì tún gbé e bọ̀ ní òfìfo. Bọ́ọ̀sì náà kì í ké. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wà á, mo jókòó títí, mo ń dúró kí ẹ́ńjìnnì dún, láìmọ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́. Àjọkẹ́ ní tirẹ̀, kó tó wọ àdúgbò ni ìyá mi ti ń gbé omi kaná fún bàbá. Nínú ìdákẹ́jẹ́ bọ́ọ̀sì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé mo dá wà. Mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè nínú rẹ̀, mo ń ké bí àgbèrò, "Iléṣà, Iléṣà, ó ku ẹnì kan!" Kò sì sí ẹnì kankan.

Kò pẹ́ tí màmá kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ mi. Òpin ọ̀nà ni ilé wọn, ní abúlé náà. Ẹ̀wù òtútù búlúù kan náà ni wọ́n máa ń wọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n á jókòó sí ìjókòó iwájú. Ọjọ́ kan, yìnyín bo ojúde abúlé, àyè tí mo fi ń yí bọ́ọ̀sì padà kò wá tó mọ́. Mo ṣe rífáàsì bí bàbá mi ṣe kọ́ mi ní gáréèjì, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń há mọ́ra bí ẹja nínú agolo, mo rọra yí i láìfara kan ògiri kankan. Màmá pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi láti sọ fún wọn.

Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti lò ní Òṣogbo, wọn ò yí ohùn wọn padà.

"Ùwọ ọmọ yìí, o ti jẹun?" Ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè. "Ulé yẹn ṣì tutù? Uṣẹ́ ńkọ́?"

Mo sọ ti rífáàsì fún wọn.

"Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ?" ìyá mi ní. "Bàbá rẹ ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí, ta ló pàtẹ́wọ́ fún wọn?"

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ó jọ pé wọ́n ti ń dúró dè é.

"Wọ́n pè wá sí ìpàdé ní gáréèjì," wọ́n ní. "Wọ́n ní òfin tuntun ń bọ̀ lórí ọkọ̀ èrò, pé èéfín wa ti pọ̀ jù. Ọkọ̀ tó bá ti gbó, ọ̀nà méjì ló ní. Kí ẹni tó ni ín yí i sí ti gáàsì, tàbí kó fà á kalẹ̀ fún wọn kó wá máa wa bọ́ọ̀sì tuntun tí ilé iṣẹ́ kan ń kó bọ̀. Ti ilé iṣẹ́ yẹn, aago ni wọ́n fi ń gbéra. Ó kún ni, kò kún ni, ó di lílọ. Kò sì sí pé èrò nawọ́ lójú ọ̀nà kí o dúró, àfi ní ibùdókọ̀."

"Èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì, bàbá?"

"Ìwọ ni mò ń bi. Ibi tí irú òfin yẹn ti dàgbà lo wà. Ohun tí o bá sọ ni n ó ṣe. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ ti fún wọn lésì."

Bí bàbá mi bá fa Àjọkẹ́ kalẹ̀, wọ́n di ẹni tí ọmọ kékeré yóò máa pàṣẹ fún. Bí wọ́n bá dì í mú tí òfin sì lé e kúrò lójú títì, wọ́n di ẹni tó ń jókòó síwájú ilé. Mo mọ àwọn òṣìṣẹ́ reluwé tó fẹ̀yìn tì ní àdúgbò wa, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó kí ojú wọn máa tọ reluwé tí kò kọjá mọ́. Mi ò fẹ́ kí bàbá mi di ọ̀kan nínú wọn, kí ó sì jẹ́ pé ẹnu mi ló ṣe é.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó, bàbá."

"Rò ó dáadáa."

Mo rò ó. Mo rò ó nídìí ọkọ̀, mo rò ó nídìí ìkòkò. Bí mo bá ti ń lọ sí abúlé, mo máa ń sọ pé òfin tibí ló dáa. Màmá ẹléwù búlúù lè jáde nílé lọ wo dókítà láìbẹ ẹnikẹ́ni, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá ń jókòó ní ẹ̀bá ọ̀nà Òṣú tí wọ́n ń retí ọkọ̀ tí kò ní gbéra torí pé kò kún. Bí mo bá ti ń bọ̀ láti abúlé, nínú òfìfo, mo tún máa ń sọ pé tiwa ló dáa. Tiwa ní ariwo, ó ní èéfín, ṣùgbọ́n ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Mo wá rí i pé mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Níbí, mo máa ń bínú bí ọkọ̀ reluwé bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́, bí ọmọ onílùú. Bí mo bá gbé fóònù, mo tún di ọmọ gáréèjì. Àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, bàbá mi á ní, "Ṣé o ti rò ó?" N ó ní ó kù díẹ̀.

Àsìkò yẹn ni ọ̀gá wa pe gbogbo awakọ̀ jọ. Ó ní òfin agbègbè ti tún yí padà. Bọ́ọ̀sì ńlá kò ní máa lọ sí àwọn abúlé tí èrò wọn kò pọ̀ mọ́, torí pé gbígbé òfìfo kiri náà jẹ́ ìfiṣòfò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iná mànàmáná ló ń lò. Mọ́tò kékeré ni yóò máa lọ. Kò ní ní aago kan pàtó. Ẹni tó bá fẹ́ jáde á pe fóònù, mọ́tò á lọ gbé e ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á sì máa gbé àwọn mìíràn lójú ọ̀nà kí ó lè kún. Ó fi àwòrán hàn wá lórí ògiri. Ó ní ọjọ́ iwájú nìyẹn.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn yíjú wò mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé ọjọ́ iwájú wọn ni bàbá mi ń wà lọ sí Òṣú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi? Ẹ̀rín náà kò pẹ́ tó fi kúrò lẹ́nu mi. Tí àwọn tibí bá ń lọ sí ibi tí a wà, tí àwa náà ń lọ sí ibi tí wọ́n wà, ó dà bíi pé a máa pàdé lójú ọ̀nà, kí a juwọ́ síra wa, kí olúkúlùkù sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi tí mo wà láàárín, ọkọ̀ wo ni kí n wọ̀?

Mo sọ fún bàbá mi. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n sọ fún ọ̀gá mi pé àwọn lè wá kọ́ wọn.

"Nítorí náà, kí n yí i ni àbí kí n fà á kalẹ̀?"

Mo tún ní ó kù díẹ̀. Ó hàn sí mi pé ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn wọ́n.

Nígbà tí wọn ò rí èsì gbà lẹ́nu mi, wọ́n lọ fojú ara wọn rí i. Ilé iṣẹ́ náà ti gbé bọ́ọ̀sì díẹ̀ sójú ọ̀nà kí àwọn ènìyàn lè tọ́ ọ wò. Bàbá mi wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí èrò, àwọn àti ìyá mi tó fẹ́ lọ kí àbúrò wọn ní Ìpetu. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ láti ra búrẹ́dì, nítorí wọn kì í lọ kí ènìyàn lọ́wọ́ òfo. Ní gáréèjì wa, tí o bá gbé ẹrù rẹ sórí ìjókòó, ìjókòó náà ti di tìrẹ, kò sí awakọ̀ tó máa gbé ẹrù rẹ lọ kó fi ọ́ sílẹ̀. Ìyá mi ti gbé báàgì wọn sórí ìjókòó, wọ́n sì fọkàn balẹ̀ ń yẹ búrẹ́dì wò. Bọ́ọ̀sì gbéra.

"Mo ní, 'Ọ̀gá awakọ̀, ẹnì kan ń sá bọ̀ lẹ́yìn,'" bàbá mi sọ fún mi. "Ó ní, 'Bàbá, ẹ má bínú, aago ti lù.' Ọmọ dáadáa ni, kò rí mi fín. Mo ní ìyàwó mi ni. Ó ní bọ́ọ̀sì mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Báwo lẹ ṣe wá ṣe?"

"Mo sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn, mo jókòó ti báàgì. Kò pẹ́ tí mo fi rí ìyá rẹ nínú bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa kan, wọ́n há mọ́ àárín èrò, búrẹ́dì ti rún. Awakọ̀ rí wọn lẹ́bàá títì tí wọ́n nawọ́, ó dúró."

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn wọn. "Ẹ bi ọmọ yín bóyá báyìí lòun náà ń ṣe àwọn ìyá ọlọ́mọ níbẹ̀."

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ṣé o máa ń dúró?" wọ́n ní. "Tí o bá rí ẹni tó ń sá bọ̀ nínú dígí?"

Mo ní nẹ́tíwọọ̀kì kò dáa. Mo pa fóònù. Ojú tì mí gan-an, torí ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Mi ò dúró rí.

Ọ̀sẹ̀ tí bọ́ọ̀sì ńlá máa lọ sí abúlé gbẹ̀yìn, màmá ẹléwù búlúù kò sí ní ibùdókọ̀ nígbà tí aago tó. Mo wo dígí, mo rí wọn lókèèrè, ọ̀pá níwájú, wọ́n ń rọra tẹ yìnyín. Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì ilẹ̀kùn. Mo rántí búrẹ́dì ìyá mi. Mo gbé ọwọ́ kúrò, mo dúró. Aago kọjá, mo ṣì dúró. Ọkàn mi balẹ̀ bí ìgbà tí mo wà nínú Àjọkẹ́. Mo tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, mo na ọwọ́ sí wọn láti fà wọ́n gòkè.

Màmá wọlé, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n sì wò mí.

"O ti pẹ́ lónìí," wọ́n ní. "Reluwé mi á lọ."

Ó lọ lóòótọ́. Nígbà tí a dé ibùdó reluwé nísàlẹ̀ òkè, a rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n sunkún, ó tún ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ wọ́n. Màmá ní kí n má bínú, pé àwọn mọ̀ pé ojú àánú ni mo fi ṣe é, ṣùgbọ́n tí àwọn bá ti pẹ́, kí n máa lọ, àwọn á mọ̀ pé àwọn ló pẹ́. Wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú òtútù, wọ́n ń dúró de reluwé mìíràn nítorí mi.

Mo pe bàbá mi láti ìdí bọ́ọ̀sì, nígbà ìsinmi mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ọ̀kan pa mọ́. Wọ́n gbọ́ mi dópin.

"Ó ṣáà wọlé?" wọ́n ní.

"Wọ́n wọlé, bàbá. Ṣùgbọ́n mo pa wọ́n lára."

"Ó yé mi." Wọ́n tún ní, "Àwọn tibẹ̀ yẹn gbẹ́kẹ̀ lé aago. Àwa gbẹ́kẹ̀ lé awakọ̀."

Mo ní, "Ẹ má fà á kalẹ̀." Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. "Ẹ yí i sí gáàsì. Kí bọ́ọ̀sì tuntun máa ná Òṣogbo sí Iléṣà pẹ̀lú aago wọn, ó máa ran àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ẹ máa gba ọ̀nà tí wọn ò ní dé, kí ẹ máa gbé àwọn ìyá lójú ọ̀nà. Òfin níbí ti padà síbẹ̀, tiwa náà á débẹ̀."

"Ó dá ọ lójú?"

"Kò dá mi lójú, bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún mi pé ó dá òun lójú, mi ò ní gbọ́ tirẹ̀."

Nígbà tí mo tún gbúròó wọn, òjò ti bẹ̀rẹ̀, mẹkáníìkì sì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ariwo gáréèjì ń dún lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní Àjọkẹ́ kì í wúkọ́ mọ́, pé àwọn tó ń tẹ̀ lé e lójú títì ti ń mí.

"Àfi nǹkan kan," wọ́n ní. "Sílíńdà gáàsì yẹn tóbi. Wọ́n ní láti yọ ìjókòó kan kí wọ́n tó rí ibi gbé e sí."

Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́.

"Ti ẹ̀yìn pátápátá," wọ́n ní. "Lọ́wọ́ fèrèsé. Ibẹ̀ nìkan ló gbà á."

Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, bí ọkàn mi bá dàrú, orí ìjókòó yẹn ni mo máa ń fojú inú jókòó sí. Mo ní ó dáa, pé ọkọ̀ ṣáà ń lọ. Bàbá mi gbọ́ ohùn mi, wọ́n mọ̀ pé kò dáa.

"Ìyá rẹ wà níbí, Ìpetu ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé tí o bá dé, àwọn á gbé ọ lé itan."

Mo gbọ́ tí àgbèrò gbá ara ọkọ̀. Bàbá mi ní, "Ó ti kún," wọ́n sì pa fóònù láìdágbére fún mi.

Aago tèmi náà ti tó lójú ọ̀nà tuntun tí wọ́n fún mi. Mo wo dígí títí, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gbé òfìfo mi lọ.